Ìwé Tí Ìyá Wa Kò Gbọ́ Parí Rí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kí ẹni tó ti pẹ́ lójú wa náà nìyẹn. Ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, a kì í kọ lẹ́tà kankan kí a má fi ọ̀rọ̀ ìjọba parí rẹ̀. A óò ní a ti gbára dì fún ìyípadà, a óò ní ìjà ń lọ níwájú, kí a tó buwọ́ lù ú, ìbáà jẹ́ ẹfun tí a fi ń kọ̀wé sára pátákó la ń tọrọ. Èyí tí mo ń kọ sí yín yìí kò ní gba ọwọ́ ọ̀gá kankan kọjá, nítorí náà mo fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀ fún ìjọba. Ìròyìn kan ló wà lọ́wọ́ mi, ó sì tóbi ju ohun tí mo lè dá gbé mì lọ. Bàbá, Ìyá wa ti ń kàwé.

Mo mọ̀ pé ẹ óò rò pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà mi. Rárá o. Ìyá wa, tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé yín kúrò lẹ́bàá ibùsùn bí ẹni gbé ọmọ tuntun kí wọ́n tó gbálẹ̀, àwọn ló ń fi ìka tọ ìlà báyìí, tí ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu wọn. Mo ti fi ojú mi rí i. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìwé, mo sì rò pé mo ti mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ìwé bá ṣí sí ènìyàn lójú. N kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a wọlé ní ọdún ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀gá ilé-ìwé wa kó gbogbo àwa olùkọ́ jọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìwé kíkà sì ni àìsàn rẹ̀. Ó ní òun ti ní kí káfíńtà kan kan àpótí ìwé fún àwọn ọmọ, a óò gbé e sí kíláàsì tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ọjọ́ tí àpótí náà bá dé, olúkúlùkù wa yóò dúró níwájú àwọn ọmọ, yóò sọ nípa ìwé kan tó fẹ́ràn nígbà èwe rẹ̀, kí òǹgbẹ ìwé lè gbẹ wọ́n. Inú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ìwé kan ṣoṣo tó wà nílé bàbá òun ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara agolo tòmátì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi gbé àyà sókè díẹ̀, Bàbá, nítorí ilé tí ìwé wà ni ẹ tọ́ mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alárù ni yín.

Ṣé ẹ rántí àwọn ìwé tí ọkọ̀ ojú irin ń gbàgbé fún wa? Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi nígbà náà, bí ẹni pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbàgbé. Àwọn èrò tó ń ti Kutọnu lọ sí Parakú á sọ̀ kalẹ̀ ní gáà wa, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, láti ra wàràkàṣì àti iṣu díndín, wọ́n á gbọ́ fèrè ọkọ̀, wọ́n á sáré, nǹkan á sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń já ẹrù níbẹ̀ lẹ máa ń rí i: fìlà, ìgò omi, bàtà ẹsẹ̀ kan, nígbà mìíràn ìwé. Ẹ kì í mú u wálé lójú ẹsẹ̀. Ẹ óò gbé e sórí pákó nínú yàrá ẹrù, kí ọjà kan lọ kí òmíràn dé, bóyá ẹni tó ni ín á padà wá. Bí kò bá wá, ẹ óò fi etí ẹ̀wù yín nù ún, ẹ óò sì há a sí abíyá wálé fún mi. Mo máa ń rò ó títí pé irú ọlọ́rọ̀ wo ló lè gbàgbé ìwé kó sì máa lọ láìwẹ̀yìn.

Mo rántí ìwé àbùùbùtán, ẹ̀dá ńlá inú òkun. Kò ní èèpo, eku ti jẹ igun rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ pé. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé tí ẹ̀yin sì gbọ́ kò ju èyí tí ẹ fi ń dá ọ̀gá gáà lóhùn. Mo ń kà, mo ń túmọ̀ fún yín bí mo ṣe ń lọ, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ní ohun alààyè náà gùn ju wágọ̀nù ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ mú mi lọ sí gáà, ẹ dúró ti wágọ̀nù kan tí wọ́n já sílẹ̀ lójú irin ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ọwọ́ lé e, ẹ ní orí rẹ̀ nìyí. A wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A rìn títí a fi dé ìdí rẹ̀, ẹ ní níbí gan-an ìrù rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fìlà lórí. N kò rí yín kí ẹ ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni rí, àfi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti ẹ̀yin dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wọ ààfin, wágọ̀nù òfìfo la sì ń wò. Bí mo bá fẹ́ kí ọmọ kan mọ ohun tí ìwé ń ṣe fún ènìyàn, ìwé yẹn ni n bá fi lé e lọ́wọ́.

Tàbí kí n fún un ní ìwé ọmọdébìnrin ìlú nẹ́ẹ̀jì, òjò dídì funfun ilẹ̀ àwọn Faransé. Ẹ bi mí pé kí ni nẹ́ẹ̀jì, nítorí olùkọ́ wa kò sọ ọ́ fún wa, òun náà kò rí i rí. Mo ní yìnyín ni. Ẹ ní rárá, yìnyín a máa lu páànù ilé kíkankíkan, èyí tó wà nínú àwòrán yìí bà lé orí ilé jẹ́jẹ́ ni. Mo ní bóyá òwú ni. Ẹ wo ojú ewé náà pẹ́, ẹ wá ní bí òwú bá ń já bọ́ lókè lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí ẹkún fi wà lójú ọmọ yìí? Títí di òní, bí òwú bá là lọ́nà Boni, tí oko funfun láti etí ọ̀nà dé ibi tí ojú mọ, mo máa ń dúró, kí n sì rò pé ìlú ọmọ náà ni mo dé. Ọmọ tí kò tíì sọdá odò Òpárá rí ni mí nígbà náà, ẹ sì ti mú mi dé ibi tí òjò ti ń rọ̀ láìpariwo.

Síbẹ̀, ìwé tó wà lọ́kàn mi gan-an, ọkọ̀ ojú irin kọ́ ló gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi owó ara yín rà á lọ́hùn-ún, lápá Ìbàdàn, nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oko kòkó níbẹ̀ lọ́dọ́mọkùnrin, tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì sì ń kọ́ yín ní ìwé Yorùbá nírọ̀lẹ́. Ìwé kékeré elẹ́yìn pupa yẹn. Bí a bá ti jẹun tán, ẹ óò dé fìlà iṣẹ́ yín, nítorí ẹ ní ìwé kì í ṣe ohun tí à ń fi orí òfo kà. Ẹ óò fi itọ́ kan ìka, ẹ óò ṣí ewé àkọ́kọ́, ohùn tí ẹ fi ń pe ẹrù ní gáà lẹ óò sì fi kà á, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì kò nílò láti wá jókòó tì wá kí wọ́n tó gbọ́.

Ìtàn obìnrin kan ni. Ọkọ rẹ̀ lọ ṣọdẹ, kò padà. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó wọ inú igbó, gbogbo ohun tó bá sì pàdé ló ń bi léèrè pé: Ọkọ mi dà? Ó bi òkété. Ó bi àpáta. Ó bi odò kan lẹ́yìn òmíràn. Olúkúlùkù ń dá a lóhùn bí tirẹ̀ ṣe rí, kò sì sí èyí tó lójú nínú gbogbo rẹ̀. Mo mọ ìtàn náà bí mo ṣe mọ ọ̀nà omi, síbẹ̀ bí ẹ bá dé ibi tí ó ti fẹ́ kan ilẹ̀kùn àpáta, àyà mi á tún já.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, lẹ́tà Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi. Mo wá gbé ìwé yín, mo rí i pé àwọn lẹ́tà kan ní nǹkan kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo bi yín léèrè. Ẹ ní ẹ̀gún ni wọ́n tẹ̀. Ẹ ní bí e bá ń rìn lọ ní tirẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í là. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó tẹ ẹ̀gún, wàá rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa là gbàgà, kó di ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni o, bó bá tẹ̀ ẹ́ á di ọ. Ẹ ní s ni kò tilẹ̀ gba ìyà rárá, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á fa èémí sẹ́nu: ṣṣṣ. Ta ló kọ́ yín ní èyí, Bàbá? Ṣé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún ni, àbí ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀ fún ọmọ yín? N kò bi yín nígbà tó yẹ kí n bi yín.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé àánú àwọn lẹ́tà náà ṣe mí. Lọ́jọ́ kan tí ẹ lọ sí iṣẹ́, mo mú abẹ tí ẹ fi ń fá irùngbọ̀n, mo jókòó sídìí igi máńgòrò, mo sì yọ gbogbo ẹ̀gún tó wà lójú ewé kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má bàa dá wọn lọ́gbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹ dé fìlà, ẹ kà títí ẹ fi dé ojú ewé náà. Ẹ kà á bí ẹ ṣe bá a, ohùn yín kò yí padà: obìnrin náà pàdé òkété, ó kí i, ó sì bi í pé, Oko mi dà? Oko, ibi tí à ń gbin iṣu sí. Ìyá wa, tí wọ́n ti ń tòògbé, ta jí. Wọ́n ní irú obìnrin wo ló ń bi òkété léèrè oko, ṣé òkété tó ti jẹ ẹ́ tán ni yóò júwe rẹ̀ fún un? Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ kò lù mí. Ẹ fi omi po dúdú ìdí ìkòkò, ẹ mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan, ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ dá ẹ̀gún padà sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń bẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pé kó má bínú.

Ẹ mọ̀ pé Ìyá wa kò gbọ́ ìwé náà parí rí. Wọ́n á ti oko Ofè dé pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́, wọ́n á dáná, wọ́n á bọ́ wa, wọ́n á jókòó tì yín lórí ẹní, kí obìnrin inú ìwé tó dé odò kejì oorun á ti gbé wọn lọ. Ní ọjọ́ kejì ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ewé àkọ́kọ́ nítorí tiwọn. Àwa ọmọ gbọ́ ìparí rẹ̀ títí ó fi sú wa, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní àwọn kì í jẹ àjẹkù ìtàn. Ẹ máa ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ parí, ẹ óò pa àkùkọ. Lẹ́yìn náà ẹ kú, wọn kò sì tíì gbọ́ ọ parí.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé sọ ti àpótí rẹ̀, ilé Ìyá wa ni mo gbà lọ tààrà láti mú ìwé náà. Mo ti gbé e tán kí wọ́n tó fi ọwọ́ lé e. Wọ́n ní, «Ìwọ ti kà á. Bàbá rẹ ti kà á. Àwọn àbúrò rẹ ti kà á. Èmi nìkan ló kù. Kò ní jáde nílé yìí kí n tó kà á.» Mo ní kò le, kí wọ́n jókòó, n óò kà á fún wọn láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, imú ni mo fi ń ka Yorùbá bí ẹni pé Faransé ni, àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ pa ìwé yín mọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ pé wọ́n ti lọ forúkọ sílẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ àwọn àgbà.

Ẹ kò bá ètò yìí láyé, Bàbá. Ìjọba ní kí a máa fi èdè wa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò wa a máa kóra jọ sí ọgbà ilé-ìwé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Adido ló ń kọ́ wọn, ó sì ní sùúrù. Wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́ dídì sókè, wọ́n á pa igbe ìyípadà lédè Fọ̀n kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa na tiwọn bí ẹni tó fẹ́ gún iyán. Àwọn ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà a, wọ́n gbé wàláà tí wọ́n fi kọ ọ́ wálé, wọ́n gbé e lé orí ìkòkò omi, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Ẹni tó bá wá mumi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí lẹ́tà náà.

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Òjò dá, ọyẹ́ dé, káfíńtà kò tíì gbé àpótí wá, ẹ ṣáà mọ àwọn káfíńtà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a kórè òwú tán, olùkọ́ wọn sọ fún mi pé kò sí lẹ́tà kan tí Ìyá mi kò mọ̀ mọ́. Inú mi dùn. Ohun tí èmi àti òun kò rántí ni pé lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀ kì í ṣe irú tinú ìwé yín. Àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà níhìn-ín kì í lo ẹ̀gún. ɛ ni wọ́n ń kọ níbi tí ìwé yín ti kọ ẹ, ɔ níbi tí ó ti kọ ọ, wọ́n sì ń kọ sh fún ṣ. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ìyá wa pé ọ̀nà méjì ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n wá sílé mi. Wọ́n fi aṣọ wé ìwé náà, wọ́n fi wàláà lé e lórí. Wọ́n jókòó, wọn kò gba omi. Wọ́n ní kí n bá àwọn dá wàláà padà fún olùkọ́, àwọn kò lọ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ti ṣí ìwé yín, àwọn sì ti kà á: obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń wá oko rẹ̀ kiri. Láti ewé dé ewé, oko ló ń bi gbogbo ayé léèrè. Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. Wọ́n ní bóyá ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n kà, bóyá ẹ kàn ń pa ìtàn láti inú ara yín fún wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí àwọn sì gbà pé ìwé ni.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Mo rí i lójú wọn pé kì í ṣe ìwé nìkan ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ. Mo bá wọn jókòó sílẹ̀, mo ṣí ìwé náà, mo sì sọ ti ẹ̀gún fún wọn. Wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo fi abẹ ha ìwé yín, ṣùgbọ́n oorun tún ti gbé wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo fi èyí tó tẹ ẹ̀gún hàn wọ́n, mo fi èyí tí kò tẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n mú wàláà, wọ́n kọ ɛ sí i, wọ́n gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọ́n sì ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ti ilé-ìwé àwọn kò dúró kí ẹ̀gún gún un, ó ti la ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀. Ó tó ọdún mélòó tí mo ti ń kọ́ni, Bàbá? N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà wọ́n wá ojú ewé òkété. Wọ́n fi ìka sí i. Ètè wọn mì láìsí ohùn, lẹ́yìn náà ohùn dé: «Ọkọ mi dà?»

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún un sọ láìwo ìwé. Ìgbà gbogbo tí ẹ fi ka ọ̀rọ̀ yẹn fún wa, ìtàn ni. Ní òwúrọ̀ yẹn, ìbéèrè ni, mo sì ń wo ìyá mi bí ẹni tí n kò rí rí. Wọ́n gbé wàláà wọn, wọ́n gbé ìwé wọn, wọ́n sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí, nítorí èmi mọ ìparí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà dé odò tó kẹ́yìn, ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ ọ sì dá a lóhùn pé: Ọkọ rẹ ti délé. Ìwọ ni ó ń dúró dè. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹ̀rín ló máa ń pa wá níbẹ̀, pé obìnrin náà fẹsẹ̀ lu gbogbo ayé já, kó tó mọ̀ pé ọkọ ti gba ọ̀nà àbùjá lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kú, kí ni gbogbo ìlú ń sọ fún Ìyá wa? Wọ́n ní ẹ ti lọ sílé. Kí ni opó tó dá jókòó sínú yàrá yóò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yẹn? Ọyẹ́ ọdún yìí kò sì ṣe wọ́n dáadáa. Ikọ́ mú wọn, wọ́n rù, wọ́n ń jẹun bí ẹyẹ. Ìgbà kan wà tí mo rò ó pé kí n ya ewé tó kẹ́yìn kúrò. Mo gbé ọwọ́ lé e, n kò lè ṣe é. Mo mú ìwé mìíràn lọ fún wọn kí wọ́n lè fi tiyín sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ẹni kan kì í fi obìnrin sílẹ̀ nínú igbó.

Wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ tí ojú sì ṣì ríran. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń fi ọgbọ́n bèèrè ibi tí wọ́n dé. Àpáta. Odò kìn-ín-ní. Odò kejì. Ikọ́ náà kò lọ. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tó ṣáájú àná, wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n ní kí n jókòó sórí ẹní, kí n sì dákẹ́. Wọ́n ka ewé tó kẹ́yìn fún mi sókè. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń padà sẹ́yìn, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú un, wọn kì í jẹ́ kó bọ́ mọ́. Wọ́n kà á dé ẹnu ìyá arúgbó. Ọkọ rẹ ti délé. Wọ́n dúró. Wọ́n kà á tẹ̀lé e: Ìwọ ni ó ń dúró dè. Ewúrẹ́ kọjá lẹ́yìn wa, ọmọ kan ń pe ìyá rẹ̀ lójúde. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí ẹ̀yin wo wágọ̀nù yẹn. Ojú wọn gbòòrò, ó mọ́, kò sí ẹkún níbẹ̀. Wọ́n ka ìlà tó kù, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì bi mí pé irú ìwé wo ni mo ní ọkọ̀ ojú irin tún gbàgbé fún wa.

Mo sọ ti nẹ́ẹ̀jì fún wọn, mo sọ ti àbùùbùtán. Mo ní Faransé ni. Wọ́n ní kí n túmọ̀ wọn, kí n fi lẹ́tà ilé-ìwé àwọn kọ ọ́ gàdàgbà, kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọmọ tí òwú ń bọ́ lù lórí. Wọ́n ní ìwé yín ti lè jáde nílé báyìí. Àpótí dé lánàá, bí káfíńtà ṣe ń jẹ́ káfíńtà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé. Lọ́jọ́bọ̀ ni n óò dúró níwájú àwọn ọmọ. N óò sọ fún wọn pé obìnrin kan wà nínú ìwé yìí tó ń bèèrè ọ̀nà, kí wọ́n bá a lọ títí dé òpin, kí wọ́n má sùn, bí wọ́n bá sì sùn, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá wa pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí yín. Wọn kò bi mí bí lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ní kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn, kí n sì jáde síta nígbà tí àwọn bá ń kọ ọ́. Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ sùn ire, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń ṣí fìlà fún ohun tó tóbi.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń fi yín yangàn níbi gbogbo.

Baba ɔmɔ mi, mo ti ka a tan. Mo gbɔ, ɛ ti dele. Ɛ duro de mi o. Iwe shi ku ti mo fɛ ka.